Klipschorn àtijọ́ méjì ní Ìkòròdú: báàsì kò jáde, ẹ bá mi dá sí i

ỌmọẸbutè (Ìkòròdú)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Sìpíkà méjì kan ló tẹ̀ mí lọ́wọ́ tí mo fẹ́ tún ṣe. Klipschorn ni wọ́n, irú àtijọ́ tí wọ́n ń gbé sí igun ilé, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹnjiníà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kó wọn ti Amẹ́ríkà bọ̀ nígbà tó ń padà wálé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló tà wọ́n fún mi nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ ilé mọ́. Yàrá tí wọ́n kó wọn sí, òjò ti ń jò síbẹ̀ tipẹ́.

Ohun tí mo rí lára wọn nìyí. Pákó ìsàlẹ̀ ọ̀kan ti mu omi, ó wú, pílíwúùdù rẹ̀ sì ń ṣí ní ìpele ìpele. Ikán ti jẹ igun ẹ̀yìn kan, ibẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Aṣọ iwájú ti gbó pátápátá. Kírósófà, ìyẹn ohun tó ń pín ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè sọ́tọ̀, wà lórí pákó pẹlẹbẹ kan nínú àpótí òkè: àwọn agolo irin, kọ́ìlì wáyà ńlá kan, àti ohun kan tó jọ tíráńsífọ́mà kékeré. Mo so wọ́n mọ́ áńpù. Ọ̀kan dún ketekete. Èkejì kò ní ohùn òkè rárá. Báàsì àwọn méjèèjì kò sì tó nǹkan. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù, torí sìpíkà tó ga ju mítà kan lọ, tó jẹ́ pé ọkùnrin mẹ́ta la fi gbé ọ̀kan, mo rò pé yóò mi ilé ni.

Ẹnì kan ní Alábà ní òun ní wúfà (ẹ̀yà tó ń mú báàsì jáde) ínǹsì 15 tuntun tó máa wọ inú rẹ̀. Ṣé kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ wúfà ni? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó.

DJ_Ṣábọ̀ (Ìkòròdú)

Bọ̀dá, ẹ má fi àkókò ṣòfò. Ẹ yọ gbogbo nǹkan inú rẹ̀, ẹ ki wúfà wátì 600 bọ̀ ọ́, ẹ pààrọ̀ hóònù òkè sí irú tí a fi ń ṣe òde. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́, mo lè bá yín rí ọjà náà. Irinṣẹ́ àtijọ́ kì í lè gba wátì ayé òde òní.

Bàbá_Onírédíò (Àgbádárìgì)

Àbúrò, kú oríire. Má tíì fọwọ́ kan wúfà yẹn o. Kọ́kọ́ dá mi lóhùn: níbo lo gbé wọn sí nígbà tó o dán wọn wò?

ỌmọẸbutè

Àárín pálọ̀ ni, Bàbá. Mo fà wọ́n síta kí n lè máa rí ẹ̀yìn wọn.

Bàbá_Onírédíò

Ibẹ̀ gan-an ni báàsì rẹ gbà lọ.

Wo ẹ̀yìn àpótí ìsàlẹ̀ dáadáa. Kò sí pákó tó bò ó, kì í sì í ṣe pé ó já bọ́, bí wọ́n ṣe ṣe é látilẹ̀ nìyẹn. Wúfà wà ní inú lọ́hùn-ún, kò kọjú síta rárá. Ihò tóóró kan ló dojú kọ. Ohùn á gba ihò yẹn kọjá, á pín sí méjì, á máa yí po láàárín àwọn pákó tí àyè wọn ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ, á wá jáde lẹ́yìn ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Ọ̀nà ohùn tó ń fẹ̀ sí i bẹ́ẹ̀ là ń pè ní hóònù. Láti ibẹ̀ lọ, ògiri méjèèjì àti ilẹ̀ ló ń ṣe ìyókù hóònù náà. Ọwọ́ méjì tí èèyàn ń kó bo ẹnu nígbà tó bá fẹ́ pe ẹni tó wà lódì kejì ọ̀sà, iṣẹ́ yẹn ni ògiri rẹ ń ṣe. Nígbà tó o wá gbé e sí àárín pálọ̀, ìdajì sìpíkà lo so mọ́ áńpù.

Paul W. Klipsch ló ṣe é, ní ìlú Hope ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí hóònù báàsì rẹ̀ ní 1943, ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1946. Ìṣòro tó bá jà ni pé ohùn báàsì gùn. Ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi mítà 8.6. Hóònù tó máa gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde ní gbangba, kò sí ẹnu ọ̀nà tó máa gbà wọlé. Klipsch wá wò ó pé igun ilé ti ń fẹ̀ bọ̀ wá síwájú láti ibi tí ògiri méjì ti pàdé. Hóònù ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù kó ṣe.

Ilé tiwa bá a mu ju ọ̀pọ̀ ilé wọn lọ. Ògiri inú ilé lọ́dọ̀ wọn, páálí tí wọ́n kàn mọ́ igi ló pọ̀ jù níbẹ̀, báàsì a sì máa mì ín. Búlọ́ọ̀kù ínǹsì 9 tí a rẹ́ sìmẹ́ǹtì mọ́ kì í mì. Ìkòròdú ló wà, o kò ní láti wá ògiri kiri.

Ṣe nǹkan mẹ́ta yìí kó o tó ra ohunkóhun. Kọ́kọ́ wọn igun náà. Fi àmì sí 90 sẹ̀ǹtímítà lára ògiri kan, 120 lára èkejì, kó o wá wọn láti àmì sí àmì. Tó bá jẹ́ 150, igun rẹ gún régé. Bíríkìlà èyíkéyìí lè bá ọ ṣe é. Lẹ́yìn náà, wò ó bóyá ògiri lọ gbọọrọ láìsí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, ó kéré tán mítà 1.2 láti igun ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Paríparí rẹ̀, dí àlàfo tó wà láàárín etí pákó àti ògiri. Fóòmù dúdú tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù fi ń wé páìpù kọ́pà ni kó o rà, là á ní ìnàró, kó o fi bọ etí pákó láti òkè dé ilẹ̀. Nígbà tó o bá tì í mọ́ igun, fóòmù náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọlé. Tí ọwọ́ rẹ bá ṣì lè kọjá níbì kan, báàsì ń jò níbẹ̀.

Aríṣekọ́lá (Ẹ̀pẹ́)

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé gbogbo sìpíkà onígun ló rí bẹ́ẹ̀? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Tannoy onígun kan láti ìlú òyìnbó.

Bàbá_Onírédíò

Wọn ò rí bákan náà. Igun ni gbogbo wọn ń lò, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbára lé ògiri tó yàtọ̀. Tannoy gbé Autograph tiwọn jáde ní 1953, Vitavox náà ní Ìlú Ọba ṣe CN191 lábẹ́ àṣẹ Klipsch. Wo ẹ̀yìn tiyín. Tó bá ní pákó tó bò ó pátápátá, ògiri á ṣì fi kún báàsì, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń parí àpótí. Ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ kó o ṣí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ká má bàa da ti àbúrò wa rú.

Káfíńtà_Ìgbógbó (Ìkòròdú)

Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ pákó, torí ibẹ̀ ni mo ti lè ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ má gbé e sí oòrùn. Mo mọ̀ pé ohun tó máa wá síni lọ́kàn nìyẹn nígbà tí pákó bá mu omi. Oòrùn á fa awọ òde rẹ̀, á là, inú á ṣì tutù. Abẹ́ ilé tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí, kí fáànù máa fẹ́ ẹ, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má kan ilẹ̀.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ yọ wúfà kúrò. Ilẹ̀kùn kékeré kan tí wọ́n fi sukúrúù dè wà ní ẹ̀gbẹ́ àpótí báàsì, ibẹ̀ lẹ máa gbà yọ ọ́. Ẹ ya fọ́tò wáyà kẹ́ ẹ tó tú u. Ẹ tún wo etí ilẹ̀kùn náà: ó yẹ kí rọ́bà tàbí fóòmù tín-ín-rín yí i ká. Àyè tó wà lẹ́yìn wúfà kò gbọ́dọ̀ jò rárá, torí ohun tó ń ti wúfà padà nìyẹn. Mo ti rí àpótí báàsì tí gbogbo pákó rẹ̀ dára, rọ́bà ilẹ̀kùn yẹn nìkan ló ti gbẹ tó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, báàsì sì ti rọ̀.

Ibi tó ń ṣí ní ìpele, ẹ po gọ́ọ̀mù funfun mọ́ omi díẹ̀, ẹ fà á sínú síríǹjì tí wọ́n fi ń gún abẹ́rẹ́, ẹ fi ta á sáàárín ìpele kọ̀ọ̀kan títí tó fi máa yọ ní etí. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò ó, ẹ fi pákó méjì há a láàárín, ẹ fi kíláǹpù fún un. Ẹ má kan ìṣó. Ìṣó á tún la àwọn ìpele náà ni.

Ti ikán, ẹ fi oríkèé ìka kàn án kiri. Ibi tó bá dún gbólógbóló, ikán ti wà nínú rẹ̀, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Ẹ gé e títí dé ibi tí pákó ti le, kí ẹ sì rán pílíwúùdù tó nípọn bákan náà mọ́ ọn. Ẹ ra èyí tí ìpele rẹ̀ pọ̀ tó sì há, kì í ṣe ti sílíǹgì olówó pọ́ọ́kú. Oògùn ikán, ẹ kùn ún sí pákó nìkan, kí òórùn rẹ̀ sì lọ pátápátá kí wúfà tó padà wọlé. Kẹ́míkà àti kóònù bébà tó wà lójú wúfà kò bára wọn gbé.

Ohun kan tí mo bẹ̀ yín sí: kí káfíńtà yín má yí ìdagun àwọn pákó inú padà. Ó lè máa wò ó pé wọ́n wọ́, kó fẹ́ bá yín tọ́ ọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gé e bẹ́ẹ̀ ni.

ỌmọẸbutè

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti gbé èyí tó dára lára méjèèjì sí igun báyìí. Igun náà gún, mo wọn ọ́n. Ṣùgbọ́n táìsì etí ògiri nísàlẹ̀ kò jẹ́ kó wọlé tán. Ó nípọn díẹ̀, ó sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 10, òun ló ń ti ìsàlẹ̀ àpótí síwájú. Ṣé kí n fọ́ táìsì náà ni?

Bàbá_Onírédíò

Má fọ́ ilé. Lo fóòmù tó nípọn sí i lókè táìsì, kó bo àlàfo náà. Níbi tí táìsì wà, lo èyí tó tín-ín-rín. Àwọn tó ń lo sìpíkà yìí ní Amẹ́ríkà náà ń bá pákó etí ògiri pàdé, àwọn míì a sì gé díẹ̀ lára rẹ̀. Má gé ara sìpíkà ní tìrẹ.

Adùnní_Ẹ̀pẹ́ (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó. Èmi ni mò ń bójú tó sáúǹdì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, hóònù ni mo ń bá ṣeré lójoojúmọ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí èyí tí kò ní ohùn òkè.

Ohùn mẹ́ta ló wà nínú sìpíkà yín. Wúfà ń ṣe ti ìsàlẹ̀ dé nǹkan bíi 400 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), hóònù àárín gbà á níbẹ̀ títí dé nǹkan bíi 6000 Hz, twítà wá ṣe ìyókù. Tó bá jẹ́ pé hóònù àárín àti twítà ló dákẹ́ pa pọ̀, ẹ má tíì sọ pé wọ́n ti jóná. Ó ṣọ̀wọ́n kí méjì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí àwọn méjèèjì jọ ń lò ni kẹ́ ẹ wá: wáyà, orí sukúrúù, ojú ibi tí wọ́n jó lẹ́ẹ̀dì sí. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà tiwa yìí kì í fi kọ́pà lọ́rùn sílẹ̀.

Ẹ tú wáyà kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi mítà wọn óòmù rẹ̀. Iye tí mítà máa kà á kéré díẹ̀ sí èyí tí wọ́n kọ sí i, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ohun tó burú ni kí mítà má ka nǹkan kan. Wúfà nìkan lẹ lè fi bátìrì 1.5 fólítì dán wò kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí kóònù ń lọ. Ẹ má fi bátìrì kan hóònù àárín tàbí twítà láéláé, awọ inú wọn tín-ín-rín.

Àwọn agolo irin yẹn ni kapásítọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Òróró wà nínú wọn, àwọn tí wọ́n ṣe láyé àtijọ́ lè ní PCB nínú òróró náà, májèlé ni. Ọdún 1979 ni Amẹ́ríkà fòfin de ṣíṣe rẹ̀. Agolo tí kò jò kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ má lù ú, ẹ má gún un, ẹ má sun ún níná, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré. Èyí tó bá ń jò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù méjì, ẹ tọ́jú rẹ̀ sọ́tọ̀, kó má dé orí ààtàn tàbí inú gọ́tà. Kò sí ohun tó lágbára tó èyí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ.

Bóyá ẹ máa pààrọ̀ wọn, ẹ jẹ́ kí mítà sọ. Lórí kírósófà Klipschorn àtijọ́, ẹ sábà máa rí 13 àti 2 µF (máíkìrófárádì, ìwọ̀n kapásítọ̀). Ẹ tú ẹsẹ̀ kan kúrò, ẹ wọn iye rẹ̀, ẹ wọn ESR rẹ̀ (ìdènà iná tó wà nínú rẹ̀) tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ rẹ̀. Tí ESR bá ti ga, ohùn òkè á rọ̀, ẹ ó sì rò pé ọjọ́ orí ló ń ṣe sìpíkà náà. Tẹ́ ẹ bá máa pààrọ̀ rẹ̀, oní-fíìmù tí iye rẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu ni kẹ́ ẹ rà, kí fólítì rẹ̀ tó 100 ó kéré tán, kí ẹ sì pààrọ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì pa pọ̀. Ohun tẹ́ ẹ pè ní tíráńsífọ́mà kékeré yẹn ló ń dín agbára hóònù àárín kù kó lè bá báàsì dọ́gba. Kì í sábà bàjẹ́. Ẹ má ṣí wáyà rẹ̀ sípò míì.

DJ_Ṣábọ̀

Àǹtí, gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n wátì mélòó ló máa gbà ní ìkẹyìn? Áńpù mi tó kéré jù, wátì 1000 ni.

Adùnní_Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀gbọ́n DJ, ìbéèrè yẹn wúlò. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ náà kọ ọ́ pé wátì 1 ń mú nǹkan bíi 104 dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n bí ohùn ṣe pariwo tó) jáde lára Klipschorn ní mítà 1. Sìpíkà kékeré orí tábìlì, ọ̀pọ̀ wọn wà ní nǹkan bíi 86. Àlàfo wọn jẹ́ 18. Dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta mẹ́ta tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi kún ohùn, ẹ gbọ́dọ̀ sọ wátì di ìlọ́po méjì. Mẹ́ta wà nínú 18 nígbà mẹ́fà, ẹ ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹ́fà, 64 nìyẹn. Ohun tí ti ẹ̀gbọ́n wa ń fi wátì 1 ṣe, sìpíkà kékeré á ná wátì 64 kó tó ṣe é. Áńpù wátì 10 tí ínfátà ilé lè gbé pọ̀ jù fún pálọ̀. Nígbà tí wátì kéré tó báyìí, kóònù wúfà kì í rìn jìnnà, ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi mọ́.

Ẹ ṣì jàre ní ọ̀nà kan. Òde kò ní igun. Ẹ gbé Klipschorn síta lábẹ́ kánópì, báàsì rẹ̀ á lọ, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti sọ. Kì í ṣe irinṣẹ́ òde, kò sì yẹ ká sọ ọ́ dà á.

DJ_Ṣábọ̀

Mo ti gbọ́. Èyí yé mi. Ọ̀gá, ẹ má tú u mọ́ o. Mo fẹ́ wá gbọ́ ọ tẹ́ ẹ bá parí.

ỌmọẸbutè

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá, mo ní ìròyìn.

Mo fi fóòmù dúdú náà bọ etí pákó èyí tó wà ní igun, mo tì í wọlé títí fóòmù fi tẹ̀. Mo gbé orin àpàlà kan sí i. Ohùn ìsàlẹ̀ agídìgbo tí n kò gbọ́ rárá tẹ́lẹ̀ jáde, wúfà kan náà, áńpù kan náà, n kò pààrọ̀ nǹkan kan. Mo fi ọwọ́ kan ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò mì. Ìyàwó mi jáde láti kíṣìn, ó ní ṣé mo ti ra wúfà tí mo ń sọ ni.

Èyí tí kò ní ohùn òkè náà ti sọ̀rọ̀. Bí Àǹtí Adùnní ṣe wí gẹ́lẹ́ ló rí. Mítà ka óòmù lára hóònù àárín àti lára twítà, àwọn méjèèjì wà láàyè. Ìlà sukúrúù lórí kírósófà ni mo wá tú. Orí sukúrúù kan ti di àwọ̀ ewé, lábẹ́ rẹ̀, ojú irin wáyà ti dúdú, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé sì ń yọ níbẹ̀ nígbà tí mo fi abẹ ha á. Mo ha á mọ́, mo pa ojú wáyà tuntun, mo dè é padà. Ohùn òkè dé. Agolo kankan kò jò. N ò tíì rí mítà ESR yá.

Ìṣòro kan ló kù. Nígbà tí kò bá sí orin, mo ń gbọ́ "hùùùù" lára wọn. Tí jẹnẹrétọ̀ bá wà lórí, ó máa ń pọ̀ sí i. Sìpíkà mi àtijọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú áńpù yìí kan náà.

Bàbá_Onírédíò

Áńpù rẹ ló ń hùn, ó sì ti ń hùn tipẹ́. Sìpíkà àtijọ́ rẹ kò lè gbé e jáde ni. Èyí tí wátì 1 ń mú pariwo tó bẹ́ẹ̀ yẹn, ìdá kékeré lára wátì kan pàápàá, wàá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Má wá àìsàn lára sìpíkà. Yẹ wáyà ilẹ̀ wò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, fi áńpù àti gbogbo ohun tó so mọ́ ọn sí ojú iná kan ṣoṣo, kó o gbé wáyà orin jìnnà sí wáyà iná. Tó bá ń hùn síbẹ̀, kọ́ńdẹ́ńsà (kapásítọ̀ náà ni) inú páwà áńpù ti rẹ̀. Gbé ìyẹn fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Iná tó wà nínú áńpù lè pa èèyàn, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lójú iná.

Nígbà tó o bá gbé méjèèjì sí ìdí wọn, jókòó sí ibi tí ojú wọn ti pàdé. Igun ti yan ibi tí wọ́n ń wò fún wọn, o kò lè yí wọn, ìwọ ni wàá sún àga. Tí ògiri rẹ bá gùn jù, tí ohùn àárín bá dà bí ẹni pé kò sí, Klipsch fúnra rẹ̀ a máa gbé sìpíkà kẹta sí àárín.

Orin tí wàá fi dán an wò, má lo ti àjèjì tí etí rẹ kò mọ̀. Gángan ni kó o fi ṣe é. Ohùn gángan wà ní ibi tí wúfà ti ń fà á lé hóònù àárín lọ́wọ́, ìpìlẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, ohùn tó bá a rìn lókè. Tí méjèèjì bá ṣọ̀kan, wàá gbọ́ ohun tí onílù ń wí láti ibì kan náà, bó ti ń fa ọsán tó sì ń dẹ̀ ẹ́. Tí wọn kò bá ṣọ̀kan, ọ̀rọ̀ náà á máa gun òkè, á máa sọ̀ sí ìsàlẹ̀ lára àpótí. Nígbà náà ni kó o yẹ wáyà wúfà wò bóyá wọ́n ti dè é lódì. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni fún twítà: ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ já wẹ́wẹ́, kò gbọ́dọ̀ di ariwo kan ṣoṣo.

ỌmọẸbutè

Mo ti gbé èkejì náà sí igun tirẹ̀. Káfíńtà_Ìgbógbó wá sílé, ó bá mi ta gọ́ọ̀mù, ó sì rán ibi tí ikán jẹ. Ọlọ́run á san án fún un. Gángan dúró sójú kan lára èyí tó wà lápá òsì. Ti apá ọ̀tún, báàsì rẹ̀ ṣì kéré sí ti òsì. Mo pààrọ̀ wọn, mo gbé ti òsì lọ sí ọ̀tún, bákan náà ló rí: èyí tó bá ti wà lọ́tùn-ún ni báàsì rẹ̀ ń kéré. Fèrèsé kan wà ní ògiri yẹn, kò jìnnà sí igun.

Adùnní_Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti yanjú ìdajì rẹ̀ fúnra yín nígbà tẹ́ ẹ pààrọ̀ wọn. Àìsàn kò tẹ̀ lé sìpíkà, ó dúró síbi ògiri. Ẹ má tú kírósófà mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú rí i. Ẹ gba Room EQ Wizard, ètò tó ń wọn ohùn inú yàrá, sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má fi máìkì fóònù wọn báàsì, kò ṣeé gbára lé nísàlẹ̀. Èmi ní máìkì ìwọ̀n tí wọ́n fi USB so. Ẹ jẹ́ ká wọn òsì nìkan, ká wọn ọ̀tún nìkan, máìkì ní ibi kan náà, ká gbé ìlà méjèèjì lé ara wọn. Ibi tí wọ́n ti yà, fèrèsé ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Bó bá rí bí mo ṣe rò ó, ògiri tí a máa kàn ni oògùn rẹ̀. Pílíwúùdù mm 18, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 120 láti igun, kó ga ju àpótí báàsì lọ díẹ̀, kí igi tó le dè é lẹ́yìn kó má baà mì, kó sì bo etí fèrèsé náà. Ẹ lè kùn ún láwọ̀ ògiri.

Káfíńtà_Ìgbógbó

Pílíwúùdù yẹn wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀gá, ẹ wọn gíga àpótí báàsì náà fún mi lónìí, kẹ́ ẹ sì sọ iye tó wà láti igun dé etí fèrèsé. Àǹtí Adùnní, ẹ sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, kí n lè gé e kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé. A ó wọn ọ́n láìsí pákó, a ó wá gbé pákó sí i ká tún wọn ọ́n.

Adùnní_Ẹ̀pẹ́

Sátidé, lẹ́yìn àfidánrawò ẹgbẹ́ akọrin wa. Ẹ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ wà ní pípa nígbà tí a bá ń wọn ọ́n, kí ínfátà ti gba iná dáadáa. Mo ń mú okùn máìkì tó gùn bọ̀.

DJ_Ṣábọ̀

Èmi náà á wà níbẹ̀ ní Sátidé. Mo ní ìdúró máìkì méjì, mò ń kó wọn bọ̀.